Ìka Méjì Bàbá Ẹ̀pẹ́

Kúlúsúmù kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta, àlùmọ́gàjí kan àti ìka ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́ ní Lásunwọ̀n, n'Ìkòròdú. Aṣọ àlòkù tí wọ́n ń pè ní bọ́síkọ́nà ni ó ń tún ṣe. Bí ènìyàn bá ra èyí tí kò bá a mu, òun ni yóò dín in, òun ni yóò tú etí rẹ̀ kó lè gùn sí i. Ta ni kò sì mọ̀ pé nọ́ḿbà aṣọ òyìnbó kì í sọ òótọ́? Kóòtù méjì á gbé nọ́ḿbà kan náà sọ́rùn. Ọ̀kan á há mọ́ ọ̀dọ́kùnrin bí èèpo iṣu, èkejì á gba òun àti àbúrò rẹ̀. Ó ti rí ọ̀kan rí tí apá rẹ̀ gùn dé orúnkún. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í wo nọ́ḿbà. Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ fún un ni yóò ṣe gé e.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sọ fún un pé kó gé ìka méjì.

Kóòtù funfun ni. Láwàl ọkọ rẹ̀ ló rà á fún bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, Bàbá Bísíríyù, tí wọn yóò wé láwàní fún lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàbá gbé e wọ̀, apá gùn díẹ̀, ó fi rán Síkírù atukọ̀ padà: kí ìyàwó Láwàl gé ìka méjì kúrò lẹ́nu apá.

Ká má purọ́, ẹ̀rù Bàbá ti ń ba Kúlúsúmù kí abẹ́rẹ́ tó kan aṣọ náà. Bàbá kì í pariwo, ohun tó ń bani lẹ́rù lára rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nígbà tí Mùsílímátù, ìyàwó àbúrò Láwàl, fi omi gbígbóná fọ fìlà Bàbá tí fìlà súnkì, ohùn jẹ́jẹ́ ni Bàbá fi ní kó di ẹrù rẹ̀. Oṣù karùn-ún rèé tó ti wà nílé bàbá tirẹ̀, kò sí ẹni tó láyà láti lọ pè é padà.

Ní Agbowa tí wọ́n ti bí Kúlúsúmù, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pé ìka kan ni láti ṣóńṣó ìka àárín títí dé ìdí rẹ̀. Ó na ìka sórí apá kóòtù, ó nà á lẹ́ẹ̀kejì, ó gé e. Ó rò pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n òun tó ti rí apá tó gùn dé orúnkún, kí ni yóò yà á lẹ́nu? Orí ẹní ló sì ti máa ń rí Bàbá ní ìjókòó. Ìyàwó wo ló máa gbójú sókè wọn apá ọkùnrin yẹn?

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Síkírù dé. Ìbátan Láwàl ni, òun ló ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti Èbúté Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, nítorí náà Atukọ̀ ni Kúlúsúmù ń pè é.

"Ìyàwó, aṣọ dà? Ọkọ̀ fẹ́ ṣí."

"Òun nìyí, Atukọ̀ mi."

Síkírù gbé apá kan sókè, ó wò ó. Ó gbé èkejì, bóyá ìyẹn á sàn jù.

"Ṣé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ wé láwàní fún ni?"

"Ìka méjì lẹ ní kí n gé."

"Ìka méjì náà ni." Ó fi ìka méjì lélẹ̀ ní ìbú, bí apẹja ṣe ń kì í bọ ojú àwọ̀n láti mọ bó ṣe fẹ̀ tó. "Ìka nìyí. Apẹja ni Bàbá, ìka wo ló tún mọ̀?"

Kúlúsúmù kó ègé apá tó ti gé jáde nínú agbọ̀n, ó dì wọ́n mọ́ kóòtù.

"Mò ń bá yín lọ."

"Lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá? Fúnra rẹ?"

"Bí mo bá dúró síbí, wọ́n á ní mo sá."

Nínú ọkọ̀, orí àpò gàrí ló jókòó sí, ó ń rán apá náà padà. Omi a máa bà á lẹ́rù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò ráyè bẹ̀rù omi. Abẹ́rẹ́ gún un, ó yára fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà kó má kan aṣọ funfun. Ọkàn rẹ̀ ń di ẹrù: àpótí, ìkòkò méjì, ẹní. Ṣẹ̀rífátù ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n á jẹ́ kó mú un lọ, àbí wọ́n á ní ọmọ àwọn ni?

Wọ́n ń kọjá Agbowa, Síkírù pariwo láti ìdí ẹ́ńjìnnì: "Ìyàwó, ṣé kí n kúkú já ọ sílẹ̀ nílé yín?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbì dé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ apá òsì, abẹ́rẹ́ sì ń lọ síbi tó wù ú.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé Ẹ̀pẹ́. Bàbá gbé kóòtù wọ̀. Ojú rírán ti jẹ ìwọ̀n ìka méjì, ìka ti apẹja, nítorí náà apá dé ọrùn ọwọ́ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ìlà yí i ká bí okùn. Bàbá fi àtàńpàkò pa ìlà náà.

"Kí nìyí?"

Kúlúsúmù ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni mo gé e jù, Bàbá. Gígùn ìka ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ẹ má bínú."

"Na ìka rẹ."

Ó nà á. Bàbá fi ìka tirẹ̀ lé e ní ìbú, ó wò ó pẹ́.

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá mi ni, Bàbá."

Bàbá kọjú sí Síkírù. "Mo rán ọ ní ìka. O dé ọ̀hún, o ò fi ìka hàn án."

"Bàbá, mo rò pé..."

"Mm."

Ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ara ògiri, ó lọ ṣàlùwàlá. Kò ní kí Kúlúsúmù di ẹrù, kò sì ní kó má dì í.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Kúlúsúmù dúró láàárín àwọn obìnrin lẹ́yìn mọ́sáláṣí. Wọ́n wé láwàní náà tán, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ Bàbá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti fa apá kan, Kúlúsúmù á na ọrùn wo ìlà rẹ̀. Bàbá Sàlímọ́nù, tó sanra bí àgbá, di Bàbá mọ́ra, ó mi apá òsì náà tìtì. Kúlúsúmù di ojú.

Nígbà tí wọ́n padà sílé, Bàbá pè é. Ó bọ́ kóòtù náà, ó jù ú sí i lẹ́sẹ̀. Òwú ti yọ jáde níbi ìlà apá òsì.

"Ó ti ń já. Tún un rán."

"Mo gbọ́, Bàbá. Tí mo bá dé Ìkòròdú, màá..."

"Ta ló ní Ìkòròdú? Ilé yìí náà lo ti máa rán an. Àwọn ìyá rẹ níbí á gbé oúnjẹ fún ọ."

Kúlúsúmù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní Bàbá. Ó fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó tàsé. Ó fi itọ́ pa á, ó tún tàsé. Bàbá dìde, ó ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé fún un.