Ògiri Ìyá Mi Tí Tíṣà Máàkì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, kò sí obìnrin tí ògiri ilé rẹ̀ funfun tó ti ìyá mi ní àdúgbò wa. Ẹ má pè é ní àsọdùn. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á po ẹfun mọ́ omi nínú ìkòkò, wọ́n á fi àkísà kun iwájú ilé láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ á sì dúró kí wọn kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọ̀dà nínú garawa, ẹ kò mọ ohun tí ìyẹn ń gbà lápá èèyàn.

Sítáńdáàdì Síìsì ni mo wà lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló sì gbà mí lọ́kàn. Bàbá mi ti sọ ọ́ pé bí mo bá yege, kí n máa lọ. Bí n kò bá yege, oko ń dúró dè mí. Ṣùgbọ́n tíṣà wa ló máa fi orúkọ wa ránṣẹ́. Ó ní ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi “who”, “which” àti “whose” so gbólóhùn òyìnbó méjì pọ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì, òun kò ní í kọ orúkọ rẹ̀. Orí mi kò gba nǹkan yìí. Ewúrẹ́ ni mò ń fún ní “who”, èèyàn ni mò ń fún ní “which”. Nílé wa, “tí” kan ṣoṣo ti tó gbogbo wa. Ta ló wá rán òyìnbó níṣẹ́?

Ìwé mi ti kún láti èèpo dé èèpo. Mo ń kọ ọ́ sórí iyanrìn, adìẹ ń tú u ká. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Nígbà tí mo ti ilé-ìwé dé ní Ọjọ́bọ̀, ìyá mi ti kun ògiri tán, wọ́n ti lọ ṣẹ́gi. Mo wo ògiri tó funfun báláú yẹn, mo mú èédú nídìí ààrò, mo ní gbólóhùn kan péré ni n ó kọ. Kíkọ náà wá dùn mọ́ mi lọ́wọ́. Ewúrẹ́ tó jẹ iṣu wa, ọkùnrin tí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ́, gbogbo rẹ̀ ni mo kọ, láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà tí mo gbọ́ tí ìdì igi balẹ̀ lẹ́yìn mi ni mo tó rántí ẹni tó ni ògiri. Ìyá mi kò pariwo. Wọ́n ní kí ni mo kọ. Mo ń sunkún, mo ń túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wọn, títí mo fi dé èyí tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé: obìnrin tó kun ògiri yìí ni ìyá mi. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n wá fà mí lọ́wọ́, ó di ilé tíṣà.

Wọ́n ní kí tíṣà wá wò ó bóyá mo mọ̀ ọ́n kọ. Bí kò bá jẹ́ nǹkan gidi, èmi ni n ó tún ilé kùn látòkè délẹ̀. Tíṣà kà á tán, ó gba èédú lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì ògiri ìyá mi bí ẹni ń máàkì ìwé. Mẹ́ta péré ló fagi lé.

“Màmá,” ó ní, “ọmọ yín ti mọ̀ ọ́n. N ó kọ orúkọ rẹ̀.”

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi ti oko dé, wọ́n ní ta ló ba ògiri jẹ́.

“Éè s'ẹni tó bà á jẹ́,” ìyá mi ní. “Uṣẹ́ ọmọ wa ni. Tíṣà ti máàkì rẹ̀.”

Kérésìmesì dé, wọn kò tún un kùn. Gbogbo àlejò tó wá jẹ ìrẹsì ló kọ́kọ́ dúró wo ògiri. Mo yege ìdánwò náà, mo sì fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ń fi í yangàn, kò sì tì mí lójú.

Lónìí, orí fóònù ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń kọ̀wé sí. Ìka kan ni wọ́n fi ń pa á rẹ́, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé wọ́n kọ nǹkan kan rí. N kò bú wọn, ayé wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi kọ́kọ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wálé fún ọdún, ògiri ti funfun padà, àfi ìlà kan nísàlẹ̀ fèrèsé. Ìyá mi, tí kò jókòó ní kíláàsì rí, ti kun ẹfun yí i ká.