Ulé

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan pe ilé ní "ulé," ìyá bàbá mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni wọ́n lọ́kọ sí. "Ilé" ni wọ́n ń pe ilé ọkọ wọn bíi tiwa, Iléṣà nìkan ni "ulé."

Àwa ọmọdé a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, ẹ sọ pé ilé!"

Wọn ò tilẹ̀ ní dá ọmọ odó dúró. "Ilé ni tiyín. Ulé ni tèmi."

Ó máa ń dùn mí, àfi bíi pé àlejò ni wọ́n láàárín wa.

Lọ́dún tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú mi lọ ṣe Kérésì ní Iléṣà. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá di ẹrù. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin bi wọ́n pé, "Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ sí ulé."

"Ṣé ulé kọ́ lo wà yìí?"

Ìyá gbé ẹrù wọn, wọ́n fà mí lọ́wọ́ jáde. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà, wọ́n rọra fa etí mi.

"O ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún wọn ní Òṣogbo o."