Àpótí Fíìmù Tí Mo Bẹ̀rẹ̀ Láti Ọwọ́ Ọ̀tún

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fìdí mọ́ àga, kí n ròyìn èyí tó bá mi ní Jídà, tó sì bá mi dé Mákà, tí orí mi ò tíì wálẹ̀ nínú rẹ̀ títí dòní. Ẹ má pè mí ní òpùrọ́ kí n tó parí rẹ̀. Tí mo bá parí rẹ̀ tán, ẹ lè pè mí ní ohunkóhun tó bá wù yín!

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti lo ọdún mẹ́fà ní Jídà nígbà yẹn. Hájì ni mo bá lọ o. Nígbà tí àwọn tá a jọ lọ ń padà sílé, èmi ò bá wọn padà. Mo bá àwọn ọmọ Yorùbá mẹ́rin gbé yàrá kan ní àdúgbò Nuzlah, a há síbẹ̀ bí ẹja inú agolo. Bí àkókò hájì bá dé, màá lọ sí Hájì Tẹ́míná ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, màá máa bá àwọn àlàájì gbé ẹrù lọ sídìí bọ́ọ̀sì. Mo ti gbé àpótí mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan náà rí, tí àlàájà kan tún jókòó sórí gbogbo rẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀, bí ó bá ṣì wà láàyè.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò ní: ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Ẹni tí kò bá ní in, tí ọlọ́pàá bá mú un lójú títì, tarhíìlì ló ń lọ yẹn, ibi tí wọ́n ń kó èèyàn sí kí wọ́n tó dá a padà sílé pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan. Ṣé ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún padà sílé lọ́wọ́ òfìfo? Mò ń rìn bí ológbò nígbà náà. Bí mo bá rí mọ́tò tó gbé iná sórí, mo lè fo ògiri!

Dókítà Gàníyù ló wá fẹ́ yọ mí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń ṣiṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ní ọsibítù kan, èmi ni mo máa ń bá a fọ mọ́tò. Kọ́ńtíráàtì rẹ̀ ti parí, ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó ní òun mọ bàbá arúgbó kan, ọmọ onílẹ̀, ní àdúgbò Utaybiyah ní Mákà, òun lòun ń tọ́jú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ṣéèkì ni wọ́n ń pè é. Ṣéèkì ń wá aṣọ́nà, ó sì lè ṣe ìkámà fún ẹni tó bá wù ú.

"Ṣùgbọ́n, Bàbá," Dókítà ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bá mi ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Ṣéèkì kì í gba ẹni tí kò bá lè bá a tàkúrọ̀sọ."

Èmi ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ìtàkúrọ̀sọ? Ó wá là á yé mi. Ṣéèkì fẹ́ràn òṣèré Amẹ́ríkà àtijọ́ kan ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń wo fíìmù ọkùnrin náà. Dókítà pàápàá fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó sọ wọ́n dọ̀rẹ́ nìyẹn. Dókítà ti wá kó fíìmù ọkùnrin yìí jọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò méjìlá, ó tò wọ́n sínú àpótí pákó kan tó ní ìdérí, ó fẹ́ fi dágbére fún Ṣéèkì. Ọjọ́ Jímọ̀ la jọ máa gbé e lọ. Nítorí pé àwọn tó ń kó ẹrù ilé rẹ̀ ń da gbogbo nǹkan rú, ó ní kí n gbé àpótí náà sọ́dọ̀ títí di ọjọ́ yẹn. Ó ní kí n má ṣí i.

Èmi? Kí n má ṣí i? Ẹ ò mọ̀ mí ni!

Ẹ gba tèmi rò. Ṣéèkì máa bi mí léèrè nípa òṣèré yìí, ìkámà mi sì wà nínú ìdáhùn tí mo bá fún un. Ṣé kí n lọ dúró níwájú rẹ̀ bí odi ni?

Kàmọ́rù ará Ìwó, ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń gbé, ní tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ fídíò tó ṣà lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn èèyàn ibẹ̀ lè ju ohun tó dára nù! Èmi fúnra mi ti rí ràkúnmí tí wọ́n jù nù rí, omi lásán ló sì nílò. A ti ilẹ̀kùn, a ṣí àpótí. Kásẹ́ẹ̀tì méjìlá dúró tí ara wọn bí ìwé, èdè òyìnbó ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn.

Kàmọ́rù ní, "Àlàájì Aláròyé, èwo la máa fi bẹ̀rẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Sítáńdáàdì tú ni mo ka ìwé òyìnbó dé, ṣùgbọ́n mo parí Kùránì ní ilé-kéú. Mo ní ọwọ́ ọ̀tún ni, níbo ni ìwé tún ti ń bẹ̀rẹ̀? Ẹnì kan kò jiyàn. Ọmọ kéú ni gbogbo wa!

A ki ti ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹ̀rọ. Òṣèré náà jáde, ó ti gbó, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ìpéǹpéjú rẹ̀ kan máa ń gòkè bíi pé ó ń bá èèyàn ṣẹ̀fẹ̀. A ò gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n a rí ohun tó ń ṣe. Ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó wúkọ́, ó dùbúlẹ̀, ó kú. Wọ́n faṣọ bò ó. Kàmọ́rù kígbe pé ìnnà lílláhì! Ọkùnrin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ to odidi àpótí ti kú nínú kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Kí ló wá wà nínú mọ́kànlá tó kù? Ìsìnkú?

A fi ìkejì sí i. Ọkùnrin náà wọlé, ó ń mu tíì!

Kàmọ́rù ní àbúrò olóògbé ni. Mo ní kó wo ìpéǹpéjú. Ìpéǹpéjú náà gòkè. Òun ni! Nínú ìkẹta, irun rẹ̀ ti di aláwọ̀ méjì. Nínú ìkẹrin ó ti dúdú, ó sì gbéyàwó. Nínú ìkarùn-ún ó tún gbé òmíràn, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ìyàwó àkọ́kọ́. Ẹ gbà mí o, ọkùnrin kú, ó jí, ó ń gun ẹṣin, ó ń gbéyàwó, eyín rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i!

Nígbà tá a dé ìkeje, àwọ̀ kúrò lára gbogbo nǹkan. Koríko, aṣọ, ojú èèyàn, gbogbo rẹ̀ di dúdú àti funfun. Kàmọ́rù gbá tẹlifíṣọ̀n lábàrá. Ó tún un gbá. Ó ní èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ní bóyá bí èèyàn bá ti ń padà sí ìgbà èwe ni àwọ̀ ayé ń ṣí kúrò lójú rẹ̀. Ó ní kí n gbé ẹnu mi dákẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi wò ó, lẹ́yìn ìrun Súhúrì ọ̀sán, nígbà tí oòrùn mú tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń jáde. Èmi ti wá ní òye tèmi: ọkùnrin yìí ń mu nǹkan kan. Kí ló tún lè jẹ́ bí kì í bá ṣe sámúsámù, omi mímọ́ Mákà? Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sámúsámù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, mo ń mu ún bíi ràkúnmí ọjọ́sí. Ní ọjọ́ kẹrin mo wo dígí, mo rí irun dúdú kan lágbọ̀n mi. Kàmọ́rù ní ẹ̀gbin ni. Ìlara lásán!

Kásẹ́ẹ̀tì kejìlá ló dà mí lọ́kàn rú jù. Ọkùnrin wa ti di ọ̀dọ́ gíńgín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yọjú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ńlá kan, ó ṣílẹ̀kùn fún olówó sísanra kan, ó tẹ́rí ba, ó tán. A dúró títí iná fíìmù fi kú, kò padà wá mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn?

Jímọ̀ dé. Mo wọ jàlàbíà tó mọ́, mo wọ mọ́tò Dókítà, àpótí wà lẹ́sẹ̀ mi. Ní ibi tí àwọn ṣọ́jà ti ń yẹ ìwé wò lọ́nà Mákà, mo dijú, mo ń ka tẹ̀súbà. Ṣọ́jà yọjú. Dókítà na ìwé tirẹ̀ sí i, ó kí i, ó ní aláìsàn òun ni mí. Irọ́ kọ́! Ara mi ń gbọ̀n lóòótọ́. Ó ní ká máa lọ.

Ilé Ṣéèkì wà lókè àtẹ̀gùn olókùúta kan ní Utaybiyah. Arúgbó tín-ín-rín ni, ó gbé ẹsẹ̀ kan sórí tìmùtìmù. Ó gba àpótí náà, ó fọwọ́ pa á lára bí orí ọmọ. Ó wá kọjú sí mi, ó bi mí léèrè bóyá mo mọ òṣèré náà.

Dókítà ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n sì dákẹ́. Èmi, kí n dákẹ́?

Mo fi Lárúbáwá mi tó ń tiro bẹ̀rẹ̀. Mo ní ikú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dùn mí, ṣùgbọ́n a dúpẹ́ pé ó jí. Mo ròyìn bó ṣe ń ta irun funfun nù, bó ṣe gbéyàwó kan tẹ̀ lé òmíràn, bí àwọ̀ ṣe kúrò láyé, títí ó fi di aṣílẹ̀kùn, tí kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Dókítà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo rò pé ó ní kí n fi kún un ni, mo bá fi ọ̀rọ̀ sámúsámù kún un.

Ṣéèkì kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí.

Dókítà yíjú sí mi, ó fi Yorùbá bú jáde. "Ẹ ti pa ara yín, Bàbá! Ẹ wá lọ ṣí àpótí náà? Ọwọ́ òsì ni nǹkan òyìnbó ti ń bẹ̀rẹ̀! Mo tò ó láti ìgbà èwe rẹ̀ dé ọjọ́ ogbó, ẹ̀yin wá fi ikú bẹ̀rẹ̀!"

Kò jí? Kò mu nǹkan kan? Mo rí tarhíìlì ní kedere, mo rí ara mi tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú nílé láìní báàgì lọ́wọ́.

Ṣéèkì béèrè ohun tí Dókítà sọ. Dókítà fi ìtìjú sọ ọ́ fún un, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Kí ni ẹ rò pé Ṣéèkì ṣe? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, tá a fi gbé omi fún un. Ó wá ní òun ti wo fíìmù ọkùnrin yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àìsàn ti dé, òun kì í lè wo èyí tó kẹ́yìn. Òun máa ń pa tẹlifíṣọ̀n bí ọkùnrin náà bá ti dùbúlẹ̀. Kò wá sọ́kàn òun rí pé èèyàn lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, kó sì máa rìn lọ sí ìgbà tí ara dá.

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Láti ọwọ́ ọ̀tún."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di aṣọ́nà ilé rẹ̀, Jímọ̀ méjìlá la sì fi wò ó. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, Ṣéèkì di ọwọ́ mi mú, kò pa á. Kí a tó dé ìdajì, ìkámà mi ti jáde, àwòrán mi wà lára rẹ̀ pẹ̀lú irun dúdú yẹn! Ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn tó sì tẹ́rí ba, Ṣéèkì fi ọ̀pá tọ́ka sí i, ó tún fi tọ́ka sí mi. Ó ní, "Wò ó. Ẹnu ọ̀nà lòun náà ti bẹ̀rẹ̀."

Mo dìde, mo lọ ṣí gééètì, nítorí ẹnì kan ń kànkùn.

Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ló fún mi ní ìkámà yẹn tàbí àìmọ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí o bá gbé nǹkan gba ọ̀nà òdì, sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí o ṣe rí i, má fi pamọ́. Ẹnì kan lè wà tó jẹ́ ọ̀nà òdì yẹn gan-an ló ń wá. Ẹ sì kọ́kọ́ béèrè ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan kí ẹ tó mu kẹ́ẹ̀gì sámúsámù tán!

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti fi ìparí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rí, tó wá yọrí sí rere fún yín? Ẹ kọ ọ́ síbí kí n kà á. Láti ọwọ́ òsì ni màá ti kà á, mo ṣèlérí!