Ojú Kan Tó Kù fún Ìyá Àgbà

"Gíráńmà, ẹ má wojú mi o!" Ohùn ọmọ ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án àná, kí n tó rí i. Ó ti ilé ìwé dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn wọnú fúláàtì wa ní Àgùdà bí akàn. Àpólò ti bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì wọn, ojú tirẹ̀ náà sì ti pọ́n. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò mọ̀ pé ó ti gbé mi padà sí Pápá Àjàó, sí ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ilé onípásééjì gígùn ni ilé náà, yàrá kọjú sí yàrá, kànga kan lẹ́yìn ilé fún gbogbo wa. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ kápẹ́ńtà, gba yàrá méjì. Àwọn àti màmá mi àti àwa ọmọ wà nínú ọ̀kan, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, wà nínú èkejì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti lọ mú wọn wá nígbà tí wọn kò ríran mọ́. Ojú òsì ti kú pátápátá, ohun funfun kan sì bo ẹyinjú ọ̀tún. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀. Bí a bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ wọn tó ń rùn fún òrí ra ojú wa láti iwájú orí dé àgbọ̀n. "Àjọkẹ́ nìyí. Imú rẹ ń tóbi sí i o, ṣé kò ní gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́ báyìí?" A ó rẹ́rìn-ín títí.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún náà. Àǹtí Bísọ́lá, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Yaba, ló ṣe wàhálà rẹ̀. Dókítà kìlọ̀ pé tí wọ́n bá ti tú ohun tí wọ́n fi wé e, kí a ṣọ́ ọ gidigidi, kí àrùn kankan má wọ̀ ọ́. Bí èyí náà bá lọ, ó parí nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa tú u gan-an ni Àpólò wọ ilé wa. Àwọn àgbà ní ìgbà tí òyìnbó lọ sínú òṣùpá ló kọ́kọ́ dé, ara ọkọ̀ tí wọ́n gbé lọ ló ti gba orúkọ. Ó mú ọmọ onílé, ó mú ìyá rẹ̀, ó mú télọ̀ ẹnu ọ̀nà. Láàárọ̀, ipin á ti lẹ ojú àwọn èèyàn pọ̀, wọn á máa táràrà lọ sídìí kànga. Ó mú Kọ́lá ẹ̀gbọ́n mi náà. Ẹnì kan ní ká fi omi ọmú kán an lójú, ẹlòmíràn ní omi ṣúgà, ẹni kẹta sọ ohun tí mi ò ní kọ síbí.

Ohun tí gbogbo ilé gbà ni pé wíwò ni Àpólò fi ń ranni. Tí o bá ti wo ojú alápólò pẹ́nrẹ́n, tìẹ ti bá ọ nìyẹn. Màmá mi bá gbé òfin kalẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wo ojú Ìyá Àgbà! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ojú kan ló kù!" Wọ́n ti Kọ́lá mọ́ yàrá wa, wọ́n gbé awò dúdú bàbá mi wọ̀ ọ́. Àwa yòókù, ẹ̀yìn la fi ń wọlé tọ Ìyá Àgbà lọ. A ó kúnlẹ̀, a ó máa kí ògiri, "Ẹ káàárọ̀ mà!" Ta ló rí irú rẹ̀ rí? Bàbá mi fúnra wọn, pẹ̀lú gbogbo agídí wọn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń kọjú sí kí wọ́n tó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wọn.

Síbẹ̀, ẹ wo nǹkan: Ìyá Àgbà ò jáwọ́. Wọ́n á na ọwọ́ láti ẹ̀yìn wa, wọ́n á ra wá lójú, wọ́n á tún fi ọwọ́ kan náà nu ojú tiwọn. Tówẹ̀lì kan ṣoṣo ló sì wà lára ìṣó ní pásééjì. Òun ni gbogbo wa fi ń nujú, àti Kọ́lá àti Ìyá Àgbà. Kò sẹ́ni tó bìkítà, wíwò la ń ṣọ́.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, màmá mi ń fi ẹ̀yìn gbé ẹ̀kọ wọlé, wọ́n gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń fa imú. Wọ́n gbàgbé òfin, wọ́n yíjú padà. Ojú náà ti pọ́n, omi ń dà lójú wọn dé àgbọ̀n. Màmá mi figbe ta. "Yéè! Mo gbé o! Àpólò ti wọ ojú Màmá!" Bàbá mi ju ayùn sílẹ̀, wọ́n gba Yaba lọ láti pe Àǹtí Bísọ́lá. Àwa ọmọ jókòó sí pásééjì, à ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí púpọ̀.

Àǹtí dé, wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n wo ojú náà títí. "Kò sí ipin. Kì í ṣe Àpólò rárá. Ìyá mi, kí ló wá dé?"

Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Ẹkún ni mo sun. Wọ́n la ojú mi kí n lè rí àwọn ọmọ mi, ìpàkọ́ ni mo ń wò láti ìgbà tí mo ti ríran. Wọ́n ní nítorí Àpólò ni, ṣùgbọ́n mo rò pé ojú mi yìí ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Bísọ́lá, ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi ń bá ìpàkọ́ sọ̀rọ̀."

Màmá mi wólẹ̀, wọ́n di mọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn gbogbo wa wálẹ̀. Nígbà tí Àǹtí gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é, wọ́n lu àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Wíwò kì í ranni! Ọwọ́ ni! Tówẹ̀lì yẹn ni!" Wọ́n já a kúrò lára ìṣó, wọ́n jù ú sínú omi gbígbóná. Wọ́n gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fún kálukú ní aṣọ ìnujú tirẹ̀. "Ìyá mi, ẹ má ra wọ́n lójú mọ́ o. Ẹ máa wò wọ́n. Ẹ wò wọ́n títí yóò fi sú yín."

A fọwọ́, a wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, Kọ́lá sì dúró sójú fèrèsé níta. Nígbà tó kàn mí, Ìyá Àgbà sún mọ́ etí bẹ́ẹ̀dì. "Àjọkẹ́, ìwọ ló dúdú báyìí? Ọwọ́ ò sọ fún mi! Háà. Baba mi ni mo ń wò yìí. Bí baba mi ṣe dúdú tó ń dán nìyí." Wọn ò tètè gbójú kúrò lára mi.

Ìyá Àgbà ti lọ tipẹ́, ojú yẹn ni wọ́n sì fi ríran dé òpin. Ayé ti yí padà. Nígbà tí àrùn kan ti gbogbo wa mọ́lé láìpẹ́ yìí, inú fóònù ni mo ti ń rí àwọn ọmọ mi, mo sì dúpẹ́, torí a là á já. Ẹ dáàbò bo àwọn àgbà yín, ẹ fọwọ́, ẹ jìnnà díẹ̀ síra yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí yín. Láyé ìgbà náà, dúdú ni wọ́n fi ń bú mi nílé ìwé. Ojú kan ṣoṣo tó kù fún Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo lẹ́wà.