Àwòrán Ọmọ Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́

Èmi ni mo kọ́kọ́ ń din ṣin-ṣin tà nínú ilé tí a ń gbé ní Kétu. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn ná. Ọdún méjì lẹ́yìn mi ni obìnrin tó ń gbé yàrá òdìkejì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, tirẹ̀ sì máa ń le gbagidi.

Àmọ́ ó gbọ́n jù mí. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán ọmọ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ kún fún ṣin-ṣin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi yọ, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn láti Ìkòsí títí dé Ọ̀jọ́ta fi ń sọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù pé, "Ẹ fún mi ní ti ọmọ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́." Tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá lásán, eruku ń bò ó.

Ó tún wá lọ bá lọ́yà kan ní Ògùdù, ìyẹn bá a forúkọ àwòrán náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹlòmíì má lè lò ó. Ó mú ìwé tí wọ́n fún un wá fi hàn mí.

"Ah, congratulations o!" ni mo wí. "Ọlọ́run á túbọ̀ máa gbé ẹ ga."

Irọ́ ni. Mo jowú rẹ̀ débi pé tí mo bá gbọ́ tó ń kọrin nídìí sítóòfù, ṣe ni mo máa ń yí rédíò mi sókè.

Mo sọ fún ara mi pé ìwé ìjọba ò mọ ọ̀nà Kétu. Mo lọ bá atẹ̀wé, mo ní kó ya irú ọmọ yẹn fún mi, kó kàn dé e ní fìlà. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Mile 12 tí obìnrin náà kì í dé ni mo ń gbé ṣin-ṣin tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, ó tà wàràwàrà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kanlẹ̀kùn mi. Ọ̀rá ṣin-ṣin mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aunty, ẹ wo nǹkan táwọn èèyàn ń ṣe fún mi. Lọ́yà ní ká sue ẹni náà." Ó ju díẹ̀ sẹ́nu. "Àmọ́ kí n má parọ́, èyí dùn ju tèmi lọ. Kí ló dé tí ẹni tó mọ̀ ọ́n din báyìí ò lo àwòrán tiẹ̀? Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ sọ fún un pé kó jáwọ́, mi ò ní bá a dé kóòtù."

Kò wojú mi. Ó mọ̀, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó tún ṣe mí lóore.

Mo dáná sun àwọn àwòrán tó kù. Mo ṣe tèmi, agbada dídín nǹkan ni mo ní kí wọ́n yà sí i, mo sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mile 12 yẹn kan náà. Oníbàárà kan tó bá mi níbẹ̀ tọ́ ọ wò. Ó jẹ ẹ́ títí.

"Ó dùn o, Mummy," ó ní, "àmọ́ kò tó ti ọmọ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ tí mo máa ń rà níbí."

Èmi nìkan ló sì ń din gbogbo èyí tó ti ń rà níbẹ̀.