Ẹnu Mẹ́rin, Ohùn Mẹ́ta

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, mo fẹ́ ròyìn fún yín bí mo ṣe jẹ́ olórin odidi ọdún mẹ́ta láìkọ ẹyọ orin kan. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ni, mo sì ṣe é tọkàntọkàn.

Lọ́kọ́ja la wà nígbà náà, òmìnira ṣì ku ọdún díẹ̀. Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì ìjọba. Ará Ìjùmú ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ọkọ̀ ojú omi kan ló ń gbé wọn bọ̀ láti ìlú ọba, tó wá gbàgbé wọn sí èbúté. Nínú ooru Lọ́kọ́ja, níbi tí ewúrẹ́ ti ń bá ènìyàn du ibòji, kóòtù ni Bàbá ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ará ilé á fi èdè Ìjùmú kí wọn ní "Òkun o, Akọ̀wé," Bàbá á sì fi gẹ̀ẹ́sì dáhùn.

Ọmọbìnrin mẹ́rin ni Ọlọ́run fún wọn. Dípò kí wọ́n máa sunkún ọmọkùnrin, wọ́n fi wá dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà gàdàgbà sára pátákó, wọ́n sì gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà: ÁŃGẸ́LÌ MẸ́RIN. Rákẹ́lì, ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ló ń dá orin. Lídíà àti Rúùtù ń gbè é. Bàbá fúnra wọn kì í kọrin. Ọ̀pá kékeré kan ni wọ́n máa ń fì sókè sódò níwájú wa.

Èmi Dúpẹ́, àbíkẹ́yìn, ńkọ́? Èmi ni wàhálà. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ohùn mi bọ́ sílẹ̀, kò sì gòkè mọ́. Ó dún bí ohùn bàbá arúgbó tó ń pe ajá rẹ̀ nínú pápá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo tú u sílẹ̀ níbi ìdánrawò, Bàbá dá ọ̀pá dúró, wọ́n lọ yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń wá ọkùnrin tó ń kọjá lọ.

Wọn ò lè lé mi kúrò. Mẹ́rin ló wà lára pátákó. Aṣọ mẹ́rin ni télọ̀ ti rán. Wọ́n ti ra ìbọ̀wọ́ funfun fún ẹni mẹ́rin pẹ̀lú. Ìbọ̀wọ́, ní Lọ́kọ́ja! Bàbá bá pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Dúpẹ́, máa ya ẹnu. Má jẹ́ kí nǹkan kan jáde níbẹ̀."

Bí mo ṣe di olórin nìyẹn. A lọ síbi ìgbéyàwó ní Natako, a lọ síbi òkú àgbà ní Gadumo, a kọrin fún ọ̀gá òyìnbó tó ń lọ sílé. Àwọn mẹ́ta ń kọrin, èmi ń ya ẹnu. Mo mọ ibi tí èèyàn ti ń dijú, mo mọ ibi tí èèyàn ti ń mí kanlẹ̀. Kódà, ìyá kan ní Gadumo fa ìyá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní nínú gbogbo àwa mẹ́rin, ohùn tèmi ló ń wọ òun lọ́kàn jù.

Ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n tì mọ́lé kì í sùn. Ìkòkò omi ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé wa. Bí omi bá ti tán nínú rẹ̀, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ń dánra wò nínú pálọ̀, èmi á ti orí bọ ẹnu ìkòkò, màá máa kọ orin wọn láti ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ tí àwọn ọkùnrin máa ń kọ. Mo kàn ń wá ibi tí orin náà kò ti ní ẹsẹ̀, mo sì ń fi ohùn mi ṣàtìlẹ́yìn fún un. Ìkòkò á dá mi lóhùn.

Ọjọ́ kan ni Ìyá ká mi mọ́ ibẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ ni ìyá mi, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Mo rò pé wọ́n máa bá mi wí. Wọ́n kàn ní bí mo bá ti kọrin tán, kí n pọnmi kún un. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pọnmi sínú ìkòkò yẹn àfi bí mo bá ti ilé ìwé dé.

Ìròyìn wá dé pé àwọn ará rédíò ń bọ̀ láti Kàdúná, pé wọ́n fẹ́ gba ohùn àwọn akọrin sílẹ̀. Bàbá ò lè jẹun. Wọ́n kó wa jọ, wọ́n ní Rákẹ́lì, Lídíà àti Rúùtù ni wọ́n máa mú lọ. Mo béèrè pé èmi ńkọ́?

"Rédíò kì í rí ẹnu," ni Bàbá wí.

Ṣé mo lè bá wọn jiyàn? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò sunkún. Mo fọ aṣọ mi, mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ lọ fi mọ́, mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Bàbá béèrè ta ló pè mí. Mo ní pátákó ni; pé bí Áńgẹ́lì Mẹ́rin bá lọ ní mẹ́ta, àwọn ará Kàdúná á ní a purọ́. Nǹkan kan ṣoṣo wà tí bàbá mi ń bẹ̀rù ju Ọlọ́run lọ: ìtìjú. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan o.

Nínú kíláàsì ilé ìwé kan ni wọ́n gbé ẹ̀rọ sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìlọrin ni ọkùnrin rédíò náà, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó ń wo kóòtù Bàbá bí ẹni ń wo aláìsàn. Máìkì ẹyọ kan ló wà. Ó fi nǹkan bo etí méjèèjì, ó dijú, ó ní ká kọrin. A kọ ọ́. Ó ní ká tún un kọ. Ó yí èyí, ó yí tọ̀hún lára ẹ̀rọ rẹ̀. Ó la ojú, ó fi ìka kà wá. Ó ní òun rí ẹnu mẹ́rin, ohùn mẹ́ta lòun ń gbọ́.

Rákẹ́lì gbójú sókè, ó ń wo àjà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé ọ̀fìnkìn ló mú mi, pé ọyẹ́ ló fà á. Ọkùnrin náà yíjú sí mi.

"Àbúrò, ṣé ọ̀fun ń dùn ẹ́?"

Ẹ gbà mí o. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, yíya ẹnu ni mo máa fi ayé mi ṣe. Bí mo bá ní rárá, mo ti sọ bàbá mi di òpùrọ́ lójú àlejò. Ọmọ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo rántí ìkòkò.

"Rárá, sà. Ohùn mi ló tóbi."

Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ. Rákẹ́lì dá orin, mo wọlé láti ìsàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ ojú ẹ̀rọ náà fò, ọkùnrin náà já nǹkan etí rẹ̀ sọ nù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sún sẹ́yìn. Mo sún. Ó ní kí n tún sún. Ó di ẹnu ọ̀nà, ó di ìta. Áńgẹ́lì mẹ́ta wà nínú ilé, ìkẹrin wà níta láàárín àwọn ewúrẹ́. Kò kàn mí. Mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni kọjú sí ẹnu ìkòkò, mo sì kọrin.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n lù ú lórí rédíò. Ọ̀dọ̀ Bàbá Dáúdà, ará Tápà tó ń ta aṣọ ládùúgbò wa, la ti gbọ́ ọ. Ígálà, Ẹ̀bìrà, Haúsá, gbogbo wa la kún àgbàlá rẹ̀. Ohùn mẹ́ta dún bí òwú tuntun, ọ̀kan sì wà nísàlẹ̀ wọn bí ilẹ̀. Nígbà tí orin parí, Bàbá Dáúdà dìde, ó di Bàbá lọ́wọ́ mú.

"Akọ̀wé, o ò sọ fún wa pé ìwọ náà ń kọrin. Béèsì yẹn, ọkùnrin ni ọ́."

Ni àwọn èèyàn bá ń kí Bàbá kú iṣẹ́. Ẹnìkan ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tó ń wọ irú kóòtù yẹn, nǹkan ń bẹ láyà rẹ̀.

Mo wo Bàbá. Wọ́n ya ẹnu. Nǹkan kan ò jáde. Wọ́n pa á dé, wọ́n tún yà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn, bí èèyàn bá ya ẹnu dáadáa, mo mọ̀ ọ́n. Mi ò rí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò dúró de ìgbà tí ohùn máa jáde. Mo bọ́ sáàárín àgbàlá, mo ní èmi ni mo kọ béèsì yẹn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó Bàbá Dáúdà ní, "Ọmọ yìí, o fẹ́ gba ohùn lẹ́nu bàbá ẹ ni?"

Rákẹ́lì bá dá orin. Lídíà àti Rúùtù gbè é. Mo wọlé. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó ní kí n sún síta. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn.

Bàbá bọ́ kóòtù, wọ́n gbé e lé apá. Èdè Ìjùmú wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì.

"Òun ni. Èmi ni mo ní kó má kọ ọ́."

A kọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, títí Rákẹ́lì fi lọ ilé ọkọ tí ẹgbẹ́ sì túká. Gbogbo ibi tí máìkì bá wà, èmi ni mo ń dúró lókèèrè jù, èmi ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tó yá mo lọ sí yunifásítì, mo bá àwọn ògbóǹtarìgì níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ọjọ́ ayé wọn ya ẹnu láìsí nǹkan tó ń jáde. Wọ́n ń pe tiwọn ní ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Bí wọ́n bá ní ohùn rẹ tóbi jù, sún sẹ́yìn bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, bọ́ síta bí ó bá di dandan, ṣùgbọ́n má pa á dé. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ní kí ẹ máa ya ẹnu lásán rí, ibo lẹ sì ti rí ìkòkò tiyín? Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí ẹ sì jẹ́ kó dún sókè.