Ohun Tó Kù Nínú Àwo

Ọmọ tí ebi ò pa tí kò jẹun, ìyẹn ò le. Èyí tí ebi ń pa, tí inú rẹ̀ ń kùn débi pé ẹni tó dúró ti sítóòfù ń gbọ́ ọ, síbẹ̀ tó ń fọwọ́ ti àwo sẹ́yìn, òun ló ń dẹ́rù bani. Ilé ìdáná mi ní Àgùdà ni mo ti rí i, láàárọ̀ kùtù, kí á tó wọ aṣọ ilé-ìwé fún un.

Ọmọ àbúrò mi ni. Àbúrò mi yìí ni àbíkẹ́yìn ìyá wa; Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ló ń gbé, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, bàbá ọmọ ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ lọ wo òrùlé ilé bàbá wa tó ń jò ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé òun ò ní pẹ́ dé, kí n bá òun mú ọmọ. Èmi àti ọmọ sìn ín dé ibùdókọ̀ Jíbówú. Nígbà tó ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ó ra ẹyin sísè lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, èyí tí wọ́n ń là láàárín tí wọ́n ń fi ata sí. Ó gé ìdajì jẹ, ó na ìyókù sí ọmọ láti ojú fèrèsé. Ọmọ gbà á, ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́. Bọ́ọ̀sì gbéra.

Àbúrò mi ò padà. Wọ́n ní ibà ni, lẹ́yìn náà wọ́n ní kì í ṣe ibà lásán. Kí n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìyá wa la sin ín sí.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ló sọ ohun tí a máa wí. "A kì í túfọ̀ ìyá fún ọmọ kékeré," ni wọ́n wí. "Ẹ sọ fún un pé ìyá ẹ̀ rìnrìn àjò." Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé wa nìyẹn láti ayébáyé. Ìrìn àjò náà kúkú ni; ọmọ fojú ara ẹ̀ rí bọ́ọ̀sì. Kò sì béèrè ọjọ́ tí ìyá òun máa dé. Àìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Láràárọ̀, òun ló ń jí mi. Màá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á wá dúró létí bẹ́ẹ̀dì.

"Mọ́mì Àgùdà, ebi ń pa mí."

"Kí lo fẹ́ jẹ, ìyá mi?"

"Mi ò mọ̀."

Màá bá bẹ̀rẹ̀. Mo din ẹyin pẹ̀lú tòmátì àti àlùbọ́sà, mo gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú iṣu gbígbóná. Ó wò ó, ó tì í. Mo rẹ ẹ̀wà mọ́jú, mo bó èèpo rẹ̀, mo lọ̀ ọ́, mo din àkàrà tó wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, mo po ògì, mo da mílíìkì sí i. Ó fi ìka kan àkàrà náà, ó tì í. Ògì tí mo lọ ẹ̀pà sí kó lè dúró nínú, ó tì í. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgányìn, sadíìnì, wàrà tí mo din kó rí bí ẹran, gbogbo ẹ̀ ló ń padà sílé ìdáná bó ṣe jáde. Bí ebi bá wá mú un dénú egungun, á mu omi, á jẹ bisikíìtì tí mo bá fi sínú báàgì rẹ̀.

Èmi nìkan kọ́ ló sì ń dáná lásìkò yẹn. Bí mo bá ti fọ́ ẹyin, màá gbọ́ ohùn ìyá wa lẹ́yìn mi: "Ọmọ tó bá ń jẹ odindi ẹyin, olè ló máa dà." Ìyá wa ò gbà kí wọ́n gbé odindi ẹyin tàbí ẹran síwájú ọmọdé nígbà ayé wọn. Bàbá wa ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá wa náà mọ̀ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, torí náà wọn kì í jẹ tán. Ìdajì ẹyin á kù, tàbí ẹja níbi tó ti lẹ́ran jù, ọmọ tó bá gbé àwo ló ni ín. Àbúrò mi ni ọmọ tó ń gbé àwo. Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, á tẹjú mọ́ ẹnu bàbá wa bí wọ́n ṣe ń jẹ, kò ní ṣẹ́jú.

Ohun tó ń já mi láyà jù ni ojú ọmọ rẹ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kì í wo oúnjẹ. Èmi ló ń wò, tàbí ohun kan tó dúró lẹ́yìn mi, tó ga tó mi. Màá yíjú padà. Ògiri ni, àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Irin géètì wa náà máa ń dún kẹ̀ǹ, lákòókò tí àbúrò mi máa ń yà kí mi kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ìró yẹn ò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó kú. Á dún, èmi àti ọmọ á gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní sẹ́ni tó wọlé. Mi ò bi í léèrè ohun tó ń rí. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ dá mi lóhùn.

Nọ́ọ̀sì tó gbé e sórí ìwọ̀n nílé ìwòsàn tó wà nítòsí wa wo ìwọ̀n náà, ó wo èmi náà.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ń fún ọmọ yìí lóúnjẹ ṣá?"

"Mò ń fún un. Kì í gbà á ni."

"Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, mílíìkì, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa fún un, kó tó lọ sílé-ìwé. Ohun tó ń mú ara dàgbà nìyẹn. Tó bá tún fúyẹ́ jù báyìí lọ nígbà tẹ́ ẹ bá padà wá, ẹ ò ní mú un lọ sílé o. Bẹ́ẹ̀dì la máa gbé e sí."

Mo dì í mọ́ra bọ́ sí títì. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń gún mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé ìyá tó kú, tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ jù, lè padà wá mú un. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lójú títì yẹn, mi ò rẹ́rìn-ín.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì la jọ ń gbé ilé, Màmá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé kan, òórùn mọ́ínmọ́ín mú wọn wá síbi ilẹ̀kùn mi. Ewé ni mo fi pọ́n ọn, ẹlẹ́mìí méje gidi: ẹyin, ẹja, edé, kò sóhun tí mi ò fi sí i. Ọmọ jókòó sídìí àwo, ó ń wò mí.

"Ah-ah, ẹlẹ́mìí méje!" ni Màmá Tíṣà wí. "Ẹ̀mí mélòó ló kù fún ìwọ alára? Wo ọrùn ẹ bí ọrùn adìẹ tí wọ́n hú níyẹ̀ẹ́."

"Màmá, mo ti mu tíì."

"Tíì! O ń dúró mu tíì bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Láti ìgbà tó o ti ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, mi ò rí i kó o jókòó jẹun láàárọ̀. Jókòó."

"Ti ọmọ ni, mà."

"Ọmọ ò jẹ ẹ́, ajá ò sì sí nílé yìí. Ṣé wàá jókòó, àbí kí n lọ mú pàṣán? Mo ṣì ní in nílé o."

Mo jókòó sórí àga tó dojú kọ ọmọ, mo fa àwo. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ìgbà ìsìnkú yẹn, oúnjẹ àárọ̀ ò gba ọ̀fun mi kọjá; alẹ́ nìkan ni mò ń jẹ díẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn. Mo jẹ ṣíbí kan, mo jẹ òmíràn. Ojú ọmọ ò kúrò lára mi, ìgbà yẹn ni mo wá rí ibi tí ojú náà ń lọ gan-an. Kì í ṣe ẹ̀yìn mi. Ẹnu mi ni. Bí mo ṣe ń jẹ, ẹnu tirẹ̀ náà ń mì. Kò ṣẹ́jú.

Nígbà tí mo dé ibi ẹyin, mo gé ìdajì jẹ, ìyókù ò lọ. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀.

Ọmọ nawọ́, ó fa àwo sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó jẹ ẹyin. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín tó yí i ká. Ó fi ìka nu ojú ewé, ó lá a. Lẹ́yìn náà ó gbé àwo lọ sídìí ṣíńkì, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ó fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wò, àbúrò mi ni mo sì rí, lọ́mọdé, nílé wa.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Màmá Tíṣà wí, wọn ò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. "Àjẹkù àgbà ló ń retí."

Bí ìyá rẹ̀ ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bí bàbá wa ṣe tọ́ ìyá rẹ̀. Odindi ni gbogbo oúnjẹ tí mo ń gbé síwájú rẹ̀. Àwo tí àgbà ò tíì fẹnu kàn, kí ni ọmọ tó mọ̀wà fẹ́ fi ṣe? Ó ń dúró kí ẹnìkan kọ́kọ́ jẹ, kò sì sẹ́ni tó ń jẹun lójú rẹ̀ nílé náà.

Látìgbà náà, mò ń jẹun láàárọ̀, bó wù mí, bí kò wù mí. Màá gé etí àkàrà, màá fi inú sílẹ̀. Màá jẹ ẹ̀wà, màá fi ẹja sílẹ̀. Ògì ẹlẹ́pàá, màá mu díẹ̀ lókè. Ìyá wa ò sọ̀rọ̀ ẹyin lẹ́yìn mi mọ́. Bóyá àjẹkù ò sí nínú òfin wọn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún wọ̀n ọ́n, ó rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, kí lẹ wá ń fún un?"

"Àjẹkù mi."

Ó wò mí bákan.

Géètì ò jáwọ́ nínú dídún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó dún tán tí ẹnikẹ́ni ò wọlé, ọmọ pè mí.

"Mọ́mì Àgùdà, níbi tí Mọ́mì mi lọ, ta ló ń jẹ àjẹkù wọn?"

Mo mọ èsì tí ẹ̀gbọ́n wa máa fẹ́ kí n fún un. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá ní ẹnìkan ń jẹ ẹ́, ọmọ mìíràn ló máa rí lọ́kàn, tó jókòó síwájú ìyá òun.

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́," ni mo wí. "Mọ́mì ẹ ò jẹun mọ́, ìyá mi. Kò ní jẹun mọ́."

"Ebi ò pa wọ́n?"

"Kò pa á mọ́."

Ó wo ọ̀nà géètì. Ó gbé àwo, ó fọ̀ ọ́, a lọ sílé-ìwé. Kò sunkún. Gbogbo ọjọ́ náà, àárọ̀ ọ̀la ló ń bà mí lẹ́rù: bóyá mo ti fẹnu ara mi lé oúnjẹ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Mo se ẹyin méjì, mo gé ìdajì ọ̀kan jẹ, mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó na ọwọ́ náà. Ó fa àwo, ó jẹ odindi ẹyin kejì tí mi ò fẹnu kàn. Nígbà tó dé ibi ìdajì tí mo jẹ kù, ó dúró.

Géètì dún kẹ̀ǹ. Èmi nìkan ló gbórí sókè. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, àwo ti wà níwájú mi, ìdajì ẹyin wà nínú rẹ̀, ọmọ sì tẹjú mọ́ ẹnu mi.

"Ẹ jẹ ẹ́," ló wí.

Mo jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà èmi ni mo gbé àwo, mo fọ̀ ọ́.